Odò Ògùnpa

Odò Ògùnpa jẹ́ odò kékeré kan tó gba àárín ìgboro Ìbàdàn kọjá, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 12.76 kìlómítà, ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ ń ṣàn wọ inú odò náà sì fẹ̀ tó 54.92 kìlómítà onígun mẹ́rin. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi tó wà nínú rẹ̀ kì í tó nǹkan. Síbẹ̀, nínú gbogbo odò Ìbàdàn, òun ni orúkọ rẹ̀ wọ ìtàn ìlú náà jù, nítorí omíyalé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980.

Ipa ọ̀nà

Apá àríwá ìlú, ní agbègbè Àṣí àti Bódìjà, ni odò náà ti ṣẹ̀ wá. Ó dé Agodi, níbi tí wọ́n ti sé e di adágún, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọjà Ògùnpa, ó sì forí lé gúúsù lọ sí Òkè-Àdó àti Mọ́lété. Odò Kúdẹtì darapọ̀ mọ́ ọn, àwọn méjèèjì sì ṣàn lọ bá odò Ọ̀nà.

Ilẹ̀ àti òjò

Òkè ló tò gba àárín Ìbàdàn láti àríwá sí gúúsù: Mápó, Mókọ́lá àti Àrẹ̀mọ wà lára wọn, orí àpáta líle ni wọ́n sì wà. Láti àfonífojì dé orí àwọn òkè yìí, ilẹ̀ ga láti nǹkan bí 150 mítà dé 275 mítà sí ojú òkun. Níbi tí igbó bá wà, ewé á kọ́kọ́ gba òjò, ilẹ̀ á sì fa díẹ̀ mu kí ìyókù tó ṣàn. Ní àgbègbè Ògùnpa, páànù kan páànù ni, ojúde tí wọ́n ń gbá lójoojúmọ́ ti le, títì sì ti bo púpọ̀ nínú ilẹ̀ tó kù. Òjò tó bá rọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kì í pẹ́ dé odò. Ìdí nìyí tí Ògùnpa fi máa ń kún láàárín wákàtí díẹ̀, tó sì tún máa ń fà kíákíá.

Bí òjò mílímítà kan ṣoṣo bá rọ̀ dọ́gba sí gbogbo ilẹ̀ tó ń ṣàn wọ odò yìí, omi rẹ̀ á tó nǹkan bí mílíọ̀nù 55 lítà. Òjò ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 tó nǹkan bí 274 mílímítà láàárín wákàtí mẹ́wàá. Bí a bá ṣírò rẹ̀ bákan náà, ó ju bílíọ̀nù 15 lítà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò kì í sábà rọ̀ dọ́gba níbi gbogbo. Òjò tí Ìbàdàn ń rí lódindi ọdún kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju 1,300 mílímítà lọ, nítorí náà ọjọ́ kan péré ló mú nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún òjò ọdún kan wá.

Àkókò tó bọ́ sí náà yẹ ní àkíyèsí. Òjò a máa dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, kó tó tún bẹ̀rẹ̀ fún ìgbà kejì. Òpin oṣù kẹjọ ni omíyalé 1980 ṣẹlẹ̀, òpin oṣù kẹjọ náà ni ti ọdún 2011. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìdọ̀tí tó ti kó jọ sínú gọ́tà nígbà tí òjò dá wà lára ohun tó mú kí omíyalé tí àwọn òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ fà le tó bẹ́ẹ̀.

Omíyalé

Ògùnpa ti kún bo bèbè kó tó di 1980, lára rẹ̀ sì ni ti ọdún 1955, 1960, 1963 àti 1978. Ti 1980, tó bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, nígbà tí Bọ́lá Ìgè jẹ́ gómìnà, ló burú jù. Òkú tí wọ́n rí kó lé ní 100. Ilé, ọjà àti afárá bá omi lọ. Omi wọ ọgbà ẹranko Agodi náà, ó sì gbé ẹranko lọ.

Bí odò kékeré ṣe ń ṣe irú èyí hàn dáadáa lẹ́nu ihò tí omi ń gbà lábẹ́ afárá. Ẹ̀ka igi kan ló sábà máa ń kọ́kọ́ há. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà á lẹ̀ mọ́ ọn, àkísà á wé mọ́ ọn, yanrìn tí àgbàrá wọ́ wá á sì gbá jọ sẹ́yìn rẹ̀ títí ihò náà á fi kù ní ìdajì. Nígbà tí òjò ńlá bá dé, omi á gba orí afárá bọ́ sí títì, á sì wọ ṣọ́ọ̀bù àti ilé tí wọ́n kọ́ sí bèbè.

Iṣẹ́ lórí odò náà

Wọ́n ti gbẹ́ ọ̀pọ̀ apá odò náà fẹ̀, wọ́n sì fi kọnkéré mọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà kọnkéré ń mú kí omi tètè kúrò nígboro, àmọ́ ó tún ń mú kó yára dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò bíi 187.5 mílímítà tún pa èèyàn tó lé ní 100 ní Ìbàdàn; ìparun pọ̀ ní agbègbè odò Ọ̀nà àti odò Ògbèrè. Ní 2014, Bánkì Àgbáyé fọwọ́ sí yíyá ìjọba ní mílíọ̀nù 200 dọ́là fún iṣẹ́ ìdènà omíyalé ní ìlú náà.

Ewéko àti ẹranko

Èèsún ń hù níbi tí kọnkéré kò dé, wọ́n sì ń gbin ewédú àti tẹ̀tẹ̀ sí àkùrọ̀ bèbè odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìgbẹ́ àti omi ìdọ̀tí láti ilé ń wọ inú odò, nítorí náà ewu wà nínú fífi í bomi rin ẹ̀fọ́ tí a ń jẹ. A máa ń rí lékeléke níbẹ̀.

Ọgbà Agodi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ni ibi tí igi ti pọ̀ jù lẹ́bàá odò náà. Iyẹ̀pẹ̀ tí àgbàrá ń wọ́ bọ̀ láti òkè odò ń sọ̀ kalẹ̀ sínú adágún rẹ̀, èyí sì ń dín ìwọ̀n omi òjò tí adágún náà lè dá dúró kó tó dé ọjà kù.