Ìgbì afẹ́fẹ́ àti ooru òkè Júpítà àtàwọn pílánẹ́ẹ̀tì ńlá yòókù

Ìgbì afẹ́fẹ́ wà lára ohun táwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń ṣàlàyé ìdí tí òkè afẹ́fẹ́ àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ńlá fi gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń dé Júpítà ò tó ìdá kan nínú ìdá 25 èyí tó ń kan ayé wa, tó bá jẹ́ pé oòrùn nìkan ló ń yá a, nǹkan bíi 200 K (K ni kelvin, ìyẹn ìwọ̀n ìgbóná tí omi ti ń di yìnyín ní 273) ló yẹ kí òkè rẹ̀ jẹ́, àmọ́ nǹkan bíi 900 K ni wọ́n bá níbẹ̀. Ti Sátọ̀nù náà rí bẹ́ẹ̀, 400 sí 600 K ni wọ́n wọ̀n níbi tí oòrùn ò ti lè mú un dé 200. Energy crisis lorúkọ tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ìgbì tó ṣe pàtàkì jù níbí ni gravity wave, kì í ṣe gravitational wave tí ihò dúdú méjì tó bá kọ lura máa ń mú jáde o, àwọn èèyàn máa ń kó méjèèjì pọ̀. Tí ìjì ìsàlẹ̀ bá ti afẹ́fẹ́ sókè, á wúwo ju èyí tó yí i ká lọ, á já wálẹ̀, á já kọjá ibi tó ti kúrò, ni wọ́n á bá tún tì í sókè, bẹ́ẹ̀ lá ṣe máa lọ sókè sódò tí ìgbì náà á sì máa gun òkè lọ. Bó ṣe ń gòkè lafẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́ sí i, agbára tó ń mi afẹ́fẹ́ tó ki nísàlẹ̀ wá bọ́ sórí èyí tí ò tó nǹkan, ìmì náà á wá lágbára sí i. Ẹni tó bá ti ju kòbókò rí á mọ̀ ọ́n: ọwọ́ ò mì jù díẹ̀ lọ nídìí, ẹnu tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń dún. Tó bá yá, ìgbì á fọ́ tàbí kó rọ̀ díẹ̀díẹ̀, agbára tó gbé wá á di ooru.

Lọ́jọ́ 7 oṣù Kejìlá 1995, ẹ̀rọ kékeré tí ọkọ̀ Galileo jù sílẹ̀ já wọ inú Júpítà, bó ṣe ń dẹ̀rìn ni wọ́n fi ṣírò ìgbóná ibi tó ń gbà kọjá. Ìgbóná náà ò gùn gbọọrọ, ṣe ló ń lọ sókè sódò bí ìgbì. Ní 1997 Young àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé ìgbì yẹn tó gbé ooru náà. Ní 1999 Matcheva àti Strobel ṣírò rẹ̀ wò, wọ́n ní ìgbì kan náà tó ń mú ibì kan gbóná lè mú ibi tó wà lókè rẹ̀ tutù, nítorí náà kò lè dá gbogbo ẹ̀ ṣe. Ariyànjiyàn yẹn ò tíì parí pátápátá.

Ní 2016 O'Donoghue àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé òkè Great Red Spot, ìjì pupa ràgàjì Júpítà, tó nǹkan bíi 1600 K. H3+ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ìyẹn haidirójìn mẹ́ta tó so pọ̀ tí wọ́n ń tan ìmọ́lẹ̀ infrared tí ojú ò lè rí, àwọn olùwádìí náà sì fura pé ìgbì látinú ìjì náà ló fà á. Ohun tí tẹlisíkóòpù Webb rí lókè ìjì kan náà ní 2022 tún jọ ìgbì.

Aurora, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tó máa ń tàn lójú ọ̀run nítòsí ìpẹ̀kun pílánẹ́ẹ̀tì, ni olùdíje tó lágbára jù tí wọ́n tún fi ń ṣàlàyé ooru yìí. Ooru ẹ̀ pọ̀ gan-an nítòsí ìpẹ̀kun àríwá àti gúúsù, wàhálà ibẹ̀ ni pé Júpítà ń yí kíákíá, kò tó wákàtí 10, yíyí yẹn sì máa ń darí atẹ́gùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ooru má lè rìn dé ìlà agbedeméjì. Síbẹ̀ àwòrán ìgbóná tí wọ́n yà pẹ̀lú tẹlisíkóòpù Keck, tó jáde ní 2021, fi hàn pé ooru náà ń rìn lọ, ó ń dín kù díẹ̀díẹ̀ láti aurora. Ọkọ̀ Cassini náà rí irú ẹ̀ ní Sátọ̀nù ní 2017. Ibí ni ìgbì tún ti wọlé, torí ó lè jẹ́ òun ló ń ṣe bíi bíréèkì fún atẹ́gùn tó ń fẹ́ lọ síhà ìwọ̀ oòrùn, tí ooru wá ráyè kọjá.

Ní ti Uranus àti Neptune, ọkọ̀ Voyager 2 nìkan ló tíì débẹ̀, ní 1986 àti 1989. Òkè àwọn méjèèjì ti tutù gan-an sí ti ìgbà yẹn.