Ṣé 120/80 ti di àìsàn ni? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ẹ̀jẹ̀ ríru

Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2024, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọkàn ní Yúróòpù gbé ìlànà tuntun jáde lórí ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tí ìròyìn náà yóò fi dé orí fóònù wa ní Èkó, ohun tí ó ti dà ni pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ 120/80, tí wọ́n ti fi ń yìn wá láti ọjọ́ pípẹ́, kò dára mọ́. Ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn mìíràn sì pinnu pé àwọn kò ní yẹ ara wọn wò mọ́. Ìpinnu kejì yìí ni ó bà mí nínú jẹ́ jù.

Ṣé ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 120/80 ti di aláìsàn ni?

Rárá o.

Kí wá ni ìlànà náà sọ?

Òǹkà méjì ni ìfúnpá ní. Òǹkà òkè ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ọkàn bá fún un jáde. Ti ìsàlẹ̀ ni èyí tí ó ṣẹ́ kù nígbà tí ọkàn bá ń sinmi kí ó tó tún lù. Ìlànà náà kò yí ààlà ẹ̀jẹ̀ ríru padà ní Yúróòpù, 140/90 náà ni. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti fà á wá sí 130/80 láti ọdún 2017. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé wọ́n fún ohun tí ó wà láàárín 120/70 sí 139/89 ní orúkọ tirẹ̀: ìfúnpá tí ó ti ń gòkè. Ìdí rẹ̀ ni pé ìpalára kì í dúró de 140 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ba iṣan ọpọlọ, ojú àti kíndìnrín jẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó wà ní agbede-méjì yìí kò nílò oògùn. Oúnjẹ, oorun àti ìrìn ni wọn yóò kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí àrùn kíndìnrín, tàbí tí ọkàn rẹ̀ ti ṣàìsàn rí, lè bẹ̀rẹ̀ oògùn láti 130/80, ṣùgbọ́n dókítà ni yóò sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjà, ó ga. Nílé, ó wálẹ̀. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agboòrùn kan ní ọjà Ìdúmọ̀tà, níbi tí nọ́ọ̀sì kan ti ń wọn ìfúnpá, nígbà tí ìyá kan sọ ẹrù léèsì kalẹ̀, tí ó jókòó sórí àpótí, tí ó na apá kan sí nọ́ọ̀sì, tí ó sì ń fi ọwọ́ kejì gbá fóònù mọ́ etí, tí òun àti oníbàárà ń nájà. Ẹ̀rọ náà gbé 158/96. Nọ́ọ̀sì náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ pa fóònù yẹn ná." Ó gbé àga fún un, ó gbé apá rẹ̀ lé tábìlì, ó sì ní kí ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn èyí, 138/86 ni.

Èyí tí a wọ̀n nígbà tí ara bá ti sinmi ni kí ẹ gbà gbọ́. Ẹ fi ẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kí apá wà ní déédéé àyà. Ẹ lọ tọ̀ kí ẹ tó jókòó. Ẹ má mu kọfí tàbí sìgá ní ààbọ̀ wákàtí ṣáájú. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan lọ fún dókítà.

Ṣé iyọ̀ nìkan ni ó ń fà á?

Iyọ̀ kó ipa ńlá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 lójúmọ́, èyí tí kò kún ṣíbí tíì kan. Nǹkan bí ìdajì kóró magí ni iyọ̀, nítorí náà ẹni tí ó fawọ́ iyọ̀ sẹ́yìn, tí ó sì sọ kóró magí mẹ́rin sínú ọbẹ̀, kò tíì dín nǹkan kan kù.

Kí ni ó kan ọ̀nà Èkó àti jẹnẹrétọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọkàn?

Ó kàn wọ́n gan-an, ibí yìí sì ni a kì í sábà dé nínú ìmọ̀ràn tí a ń gbà. Ẹni tí ó ń jí ní aago mẹ́rin òwúrọ̀ ní Ìkòròdú kí ó lè bá Marina pàdé ní aago mẹ́jọ, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì dá a dúró lórí Afárá Third Mainland títí ilẹ̀ fi ṣú, kò rí oorun tí ó tó sùn. Bí a bá sùn, ìfúnpá a máa wálẹ̀, iṣan a sì sinmi. Ẹni tí kò sùn tó ń fi ìsinmi yìí du ara rẹ̀. Ní ọdún 2022, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọkàn ní Amẹ́ríkà fi oorun kún àwọn ohun mẹ́jọ tí ọkàn nílò.

Èéfín náà ń bẹ níbẹ̀. Eruku rẹ̀ kan kéré débi pé irun orí kan nípọn tó o ní ìlọ́po ọgbọ̀n. Ó ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń mú kí ara iṣan wú. Ìwádìí Báńkì Àgbáyé ní Èkó rí nǹkan bíi máíkírógíráàmù 68 irú eruku yìí nínú mítà onígun afẹ́fẹ́ kan, bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fẹ́ kí ó ju 5 lọ láàárín ọdún kan. Mọ́tò tó ti gbó, jẹnẹrétọ̀ àti ilé iṣẹ́ wà lára ohun tí ó ń tú u jáde. Ariwo jẹnẹrétọ̀ lóru sì tún ń ta ọkàn jí, bí ẹni tí ó sùn kò tilẹ̀ lajú.

N kò ní sọ fún ará Ìkòròdú pé kó kó wá sí Ìkòyí. Ojú irin oníná tí ó ti ń gbé èrò láàárín Marina àti Mile 2 láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera lójú tèmi, ìjọba ni ó sì yẹ kí ó mú un gbòòrò. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa ni kí a gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé, kí a pa á bí a bá fẹ́ sùn, kí a sì sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan ṣáájú tiwa láti fẹsẹ̀ rìn.

Wọ́n ní ìrònú ni ó ń fà á. Bí n kò bá ronú, ṣé mo ti bọ́?

Ìrònú lè mú un ga, kò sì jẹ́ kí a sùn. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọlọ́yàyà tí kì í bínú tí tirẹ̀ ju 170 lọ. Ọjọ́ orí, ìdílé, sísanra, ọtí àti iyọ̀ kò béèrè bóyá inú wa dùn.

Ara mi le, orí kò fọ́ mi. Ṣé kí n yẹ̀ ẹ́ wò?

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fi àmì hàn.

Ó ti wálẹ̀ sí 124/78. Ṣé mo lè dá oògùn dúró?

Oògùn ni ó mú un wálẹ̀. Bí a bá dá a dúró láì sọ fún dókítà, yóò padà gòkè, nígbà mìíràn láìpẹ́ ọjọ́. Ẹni tí ó bá ń mu àgbo pẹ̀lú rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà láì tijú. Bí owó bá sì ni ìṣòro, ẹ sọ ìyẹn náà, nítorí oògùn tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n wà.

Nígbà wo ni kí ẹ̀rù bà mí?

Bí ẹnu tàbí ojú bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan lójijì, bí apá kan kò bá ṣeé gbé, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́, tàbí bí àyà bá ń dunni bí ẹni pé ohun kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ má dúró wọ̀n ọ́n. Ilé ìwòsàn ni ẹ gbé ẹni náà lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má fún un ní ohunkóhun mu, kí ẹ sì rántí aago tí ó bẹ̀rẹ̀, nítorí ìyẹn wà lára ohun tí dókítà yóò kọ́kọ́ bi yín.