Nostalgia: àárò tí orin fíìmù kàtúùnù ń gbé wá

Nostalgia ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe àárò ìgbà tó ti kọjá. Ìdùnnú àti ìbànújẹ́ díẹ̀ ló máa ń pàdé pọ̀ nínú rẹ̀, nígbà tí nǹkan kan bá rán èèyàn létí ibi tó ti gbé rí, àwọn tó bá a wà níbẹ̀, àti irú ẹni tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ nígbà yẹn. Oúnjẹ lè fà á, òórùn lè fà á, orin náà kì í sì í gbẹ́yìn. Orin inú fíìmù kàtúùnù tá a wò lọ́mọdé ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a dàgbà ní Ilé-Ifẹ̀ láyé kásẹ́ẹ̀tì fídíò ló ń tijú àárò yìí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé rárá.

Johannes Hofer, ọmọ Switzerland tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Basel, ló dá orúkọ náà sílẹ̀ lọ́dún 1688. Àìsàn ló pè é nígbà náà, àìsàn àwọn tó jìnnà sílé. Orin kò pẹ́ wọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Lọ́dún 1768, Jean-Jacques Rousseau, òǹkọ̀wé àti onímọ̀ ọgbọ́n orí, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí orin pé wọ́n fòfin de orin àwọn tó ń da màlúù láàárín àwọn sójà Switzerland tó ń sin ọba ilẹ̀ òkèèrè, torí bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, omi á bọ́ lójú wọn, àwọn kan á sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àwọn mìíràn á kú. Ohun tó fi tẹ̀ lé e ló wú mi lórí jù. Ó ní àjèjì tó bá gbọ́ orin kan náà kò ní mọ nǹkan kan lára, àti pé èèyàn lè wá inú orin náà títí, kò ní rí ohun tó ń pani lẹ́kún níbẹ̀. Ìrántí ló ń ṣiṣẹ́. Àmì tó ń pe ìrántí jáde lásán ni orin náà.

Bí ẹ bá di ọ̀rọ̀ Rousseau yìí mú, ìyókù á yé yín.

Ẹ jẹ́ ká mú The Lion King, fíìmù kàtúùnù nípa ọmọ kìnnìún kan, tó jáde lọ́dún 1994. Èdè Súlú ni igbe tó ṣí fíìmù náà, Lebo M, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ló sì ké e. Ní Ìlódè níbi tá a ti dàgbà, kò sẹ́ni tó gbọ́ Súlú nínú wa. Ilé aládùúgbò la ti ń wò ó. Orí ẹní la máa ń jókòó sí, àwọn tí kò ráyè á so mọ́ fèrèsé lóde. Kásẹ́ẹ̀tì náà ti gbó débi pé ìlà funfun á máa sáré kọjá nísàlẹ̀ àwòrán, òórùn kẹrosíìnì á sì máa wọlé láti ibi sítóòfù. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi á ti dìde, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé bèbí àbúrò wa sókè bí wọ́n ṣe gbé ọmọ kìnnìún náà sókè nínú fíìmù, gbogbo yàrá á wá pariwo Súlú tí ẹnikẹ́ni kò lè túmọ̀. Bí NEPA bá mú iná lọ láàárín, àwa fúnra wa la máa ń kọ ọ́ parí nínú òkùnkùn.

Kásẹ́ẹ̀tì tó wà kò pọ̀, torí náà àwòtúnwò la máa ń wò ó. Lọ́dún 1968, Robert Zajonc, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, fi hàn pé ohun tójú bá ń rí léraléra máa ń wuni sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe irú fíìmù yìí kò fi àtúnwí sílẹ̀ fún kásẹ́ẹ̀tì nìkan; inú fíìmù gan-an ni wọ́n ti ń ṣe é. Orin tá a gbọ́ nígbà tí ara tu ọmọ inú ìtàn, òun náà ni wọ́n á tún fi fèrè kan gbé wá kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nígbà tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ẹ́, òun náà ni ìlù àti fèrè ńlá á sì gbé dìde nígbà tó bá padà sílé. Leitmotif ni àwọn olórin ń pe èyí, opẹ́rà, ìyẹn eré orí ìtàgé tí wọ́n ń fi orin ṣe, ti Richard Wagner ará Jámánì ló sì sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Ọmọ Yorùbá tó ti gbọ́ àlọ́ àpagbè rí ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Gbogbo ibi tí Ìjàpá bá ti kó sí wàhálà ni orin kan náà ti ń padà wá, àwa tó ń gbè é sì mọ̀ pé kì í tún ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín bíi ti àkọ́kọ́ mọ́. Orin tó ti bá èèyàn la ayọ̀ àti ìbẹ̀rù kọjá nínú ìtàn kan ṣoṣo, kò lè tètè kúrò lọ́kàn.

Nínú ọpọlọ, ẹ̀yà kékeré kan wà tó ń jẹ́ hippocampus. Ara iṣẹ́ rẹ̀ ni láti so ohun tí ojú rí, tí etí gbọ́, tí imú sì gbóòórùn lẹ́ẹ̀kan náà pọ̀. Bí ọ̀kan bá padà, á fa àwọn yòókù lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí orin fi ń mú kẹrosíìnì àti ẹní wá. Lọ́dún 2009, Petr Janata ní Yunifásítì California tó wà ní Davis yẹ ọpọlọ àwọn èèyàn wò bí wọ́n ṣe ń gbọ́ orin ìgbà èwe wọn. Apá kan níwájú ọpọlọ, lẹ́yìn iwájú orí, ló ń ṣiṣẹ́ gan-an nígbà tí orin bá mú ìrántí ìgbésí ayé wọn wá. Apá yẹn wà lára ibi tí Alzheimer, àrùn ìgbàgbé tó ń ṣe àwọn àgbàlagbà, máa ń pẹ́ kó tó bà jẹ́. Ìyá àgbà tí kò dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́ lè gbé orin ìgbà èwe rẹ̀ láìṣìnà. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kó dé etí gbogbo ilé tó ń tọ́jú arúgbó.

Ó ku ẹ̀hónú tí ọ̀pọ̀ wa ṣe nígbà tí wọ́n tún The Lion King ṣe lọ́dún 2019. Àwọn orin tá a mọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, àwọn olórin gidi ló sì kọ wọ́n, síbẹ̀ a ní kì í ṣe òun. A kò purọ́. Lọ́dún 1999, Glenn Schellenberg, tó ń ṣèwádìí lórí bí èèyàn ṣe ń gbọ́ orin, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé èèyàn lè dá orin tó gbajúmọ̀ mọ̀ láti inú ègé tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Kò sí orin tó lè yí sókè yí sísàlẹ̀ láàárín àkókò kékeré bẹ́ẹ̀. Bí ohùn àti ohun èlò ṣe ń dún gan-an ni etí dá mọ̀. Ohùn pàtó yẹn ló wà nípamọ́ lọ́dọ̀ wa, pẹ̀lú bó ṣe há díẹ̀ àti ibi tó ti fa èémí. Bí ẹlòmíràn bá wá kọ ọ́, á dùn létí, ṣùgbọ́n kò ní pe ìrántí kankan jáde. Àwọn ọmọ tó jẹ́ pé ti 2019 ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ á sọ pé tiwa ni kì í ṣe òun, òótọ́ ni àwọn náà á sì máa sọ.