Ta ló ń san owó ẹ̀dínwó?

Owó tí wọ́n bá yọ fún oníbàárà lórí ọjà, àpò ẹnì kan ló ti jáde. Ẹni tó bá mọ àpò náà, ẹ̀dínwó tí kò lérè kì í tètè tàn án.

Kúpọ́ọ̀nù àwọn ará Amẹ́ríkà ló fi èyí hàn gbangba. Ilé iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ á tẹ ìwé pélébé jáde, tàbí kí wọ́n fi kóòdù sórí fóònù, pé kí wọ́n yọ iye báyìí lórí ọṣẹ àwọn títí di ọjọ́ báyìí. Oníbàárà á mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á yọ ọ́ fún un. Ọlọ́jà ò pàdánù o. Á kó àwọn ìwé náà jọ, á fi ránṣẹ́, ilé iṣẹ́ á dá owó rẹ̀ padà, wọ́n á sì fi owó làálàá lé e; sẹ́ńtì 8 lórí ìwé kan ló wọ́pọ̀. Kí ló dé tí wọn ò kúkú dín iye ọṣẹ kù fún gbogbo ayé? Ẹni tí owó ń ká lára ló máa jókòó gé ìwé. Ẹni tí kò ráyè á san iye tó pé. Bí wọ́n ṣe ń ta ọjà kan ní iye méjì nìyẹn.

Ní Kàbà, Ìsánlú, Mọ̀pà tàbí Ẹ̀gbẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kogí, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Èènì la mọ̀. Inú èrè ìyá tó ń tà ló ti ń wá, kí oníbàárà lè tún padà wá ni. Ṣùgbọ́n kóńgò ni kéèyàn kọ́kọ́ wò kó tó tọrọ rẹ̀. Òmíràn wà tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ fọwọ́ kan ìdí rẹ̀: ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà tí wọ́n bù ṣèènì lè má tó èyí tí wọ́n ti fi ibẹ̀ yọ.

Àjọrà gan-an ni owó ti ń dúró. Ẹni tó ń tà á ní wẹ́wẹ́ máa ń ka owó ọ̀rá, wàhálà àti èrè rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó ra odindi ò ní san ìyẹn. Páálí índómì kékeré, 40 ló wà nínú rẹ̀: obìnrin mẹ́rin á mú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Àpò ìrẹsì kílò 50, ilé márùn-ún á pín in. Kí owó gbogbo wọn pé kí wọ́n tó lọ rà á, kóńgò kan náà ni kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n lójú gbogbo wọn, kí wọ́n sì jọ pín èyí tó kù nísàlẹ̀ àpò. Tó bá jẹ́ Ìlọrin tàbí Lọ́kọ́ja ni wọ́n ti rà á, kí wọ́n ka owó ọkọ̀ mọ́ ọn kí wọ́n tó sọ pé ó pọ́ọ́kú. Ibẹ̀ ni ìjà ti sábà ń bẹ̀rẹ̀.

Ká ní ọṣẹ ìfọṣọ kan jẹ́ ₦2,000, wọ́n wá yọ ₦300, ó di ₦1,700. Tí òmíràn bá wà lórí igbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ₦1,500, tí ìwọ̀n wọn dọ́gba, tó sì ń fọṣọ dáadáa, ẹni tó rò pé òun jèrè ₦300 ti sọ ₦200 nù. Kóòdù ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì náà nìyẹn: owó tí wọ́n fi gbé ẹrù láti Èkó dé Yàgbà lè jẹ ẹ̀dínwó náà tán pátápátá.

Tí wọ́n bá ṣàdédé já iye ọjà wálẹ̀, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ọlọ́jà tí ọjà fẹ́ bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ ló sábà ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì burú tó bá jẹ́ búrẹ́dì tí ẹ máa jẹ lálẹ́ òní. Mílíìkì ọmọ tí ẹ fẹ́ tọ́jú di oṣù tó ń bọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀.