Normalization: orúkọ wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ní kò sí

Ẹni tó bá ń kọ sọ́fítíwíà tí àwọn ọmọ Yorùbá ń lò kò ní pẹ́ gbọ́ irú ẹjọ́ yìí. Oníbàárà kan fi fóònù forúkọ sílẹ̀: Adébọ̀wálé. Nígbà tó yá, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó tẹ orúkọ ara rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀, ẹ̀rọ ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo inú dátábéèsì, orúkọ náà wà níbẹ̀ gbangba. Ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú kò rí ìyàtọ̀ kankan.

Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà ń tọ́jú, kì í ṣe lẹ́tà. Láti 1991 ni Unicode ti ń pín nọ́ńbà fún lẹ́tà àwọn èdè ayé. Lẹ́tà é ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+00E9. Lẹ́tà ọ náà ní tirẹ̀, U+1ECD, àárín àwọn lẹ́tà tí èdè Vietnam ń lò ló sì wà. Ṣùgbọ́n ọ̀, tó ní àmì nísàlẹ̀ tó tún ní àmì lórí, kò rí ẹyọ nọ́ńbà kan gbà. Àfi kí á tò ó pọ̀. Ẹ lè mú ọ, kí ẹ gbé àmì dò, U+0300, lé e lórí. Ẹ lè mú ò, kí ẹ fi àmì ìsàlẹ̀, U+0323, sí i nídìí. Ẹ sì lè mú o lásán, kí ẹ so àmì méjèèjì mọ́ ọn, èyí tó wù kó ṣáájú. Ọ̀nà mẹ́rin rèé, ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì jọ lójú. Ẹgbẹ̀rún náírà ni ẹgbẹ̀rún náírà, ì báà jẹ́ bébà owó kan tàbí igba náírà lọ́nà márùn-ún. Àmọ́ kọ̀ǹpútà kò ka iye owó, bébà ló ń kà. Kíbọ́ọ̀dù fóònù lè tò ó báyìí kí ti kọ̀ǹpútà tò ó bọ́hùn-ún, ni ìjà bá dé.

Iṣẹ́ tó ń kó ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá sórí ẹyọ kan ni à ń pè ní normalization. Oríṣi méjì la sábà máa ń lò. NFC máa ń so ohun tó bá ṣeé so, nítorí náà ọ̀ yóò di nọ́ńbà méjì. NFD máa ń tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ọ̀ á sì di mẹ́ta. Lẹ́tà mẹ́sàn-án ni ojú ń kà nínú Adébọ̀wálé, NFC ka 10, NFD ka 14. Ẹ ò rí ìdí tí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kó má kọjá lẹ́tà 12 fi lè lé ẹni ẹlẹ́ni padà.

NFC lèmi fara mọ́, òun náà sì ni W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún wẹ́ẹ̀bù, ń gbà wá nímọ̀ràn láti lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú JavaScript, oruko.normalize("NFC") ti tó. Nínú Python, unicodedata.normalize("NFC", oruko) ni. Ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ ti ṣe é: kí ẹ tó fi nǹkan pamọ́, àti kí ẹ tó wá a. Ẹ má gbàgbé pásíwọọ̀dù o. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ di hash, ìyẹn àdììtú tí kò ṣeé tú padà, ẹnikẹ́ni kò lè tún un ṣe mọ́.

Àwọn kan rò pé kí á kúkú yọ gbogbo àmì dànù kí oníkálùkù sinmi. Ìmẹ́lẹ́ gbáà nìyẹn. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn á tẹ Adebowale lásán, ó sì yẹ kí wọ́n rí ohun tí wọ́n ń wá. Ẹ fi ẹ̀dà kejì pamọ́ fún wíwá nìkan: ẹ fi NFD tú orúkọ náà, ẹ yọ àwọn àmì láti U+0300 dé U+036F, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di lẹ́tà kékeré. Kí ẹ̀dà tí onítọ̀hún fọwọ́ ara rẹ̀ kọ wà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀.

Ibì kan wà tí normalization kò dé. Àwọn mìíràn kì í fi àmì tó rí roboto sábẹ́ lẹ́tà, ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán ni wọ́n ń fi sí i, U+0329. Lójú àwa tí à ń ka Yorùbá, bákan náà ni. Lójú Unicode, àmì ọ̀tọ̀ ni, NFC kò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ máa kọ kóòdù tó ń fi U+0323 rọ́pò rẹ̀, kí ẹ tó pe NFC. Ẹ má sì fojú dá a mọ̀, pàápàá bí fọ́ǹtì bá kéré. Ẹ fi ascii(oruko) tẹ̀ ẹ́ jáde nínú Python, nọ́ńbà àmì kọ̀ọ̀kan á hàn kedere.