Bí "at knifepoint" ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì

Nínú ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì nípa olè àti ajínigbé, "at knifepoint" kì í pẹ́ yọjú. Ohun tó ń sọ ni pé ẹnìkan yọ ọ̀bẹ sí ẹlòmíràn láti fipá mú un ṣe ohun tí kò fẹ́ ṣe: kó kó fóònù sílẹ̀, kó ṣílẹ̀kùn, kó wọ mọ́tò. Ìhàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Kò sọ pé ọ̀bẹ kan ara ẹnikẹ́ni.

Ibẹ̀ gan-an ló ti máa ń dojú rú fún ọmọ Yorùbá, nítorí "fi ọ̀bẹ" gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra: ó fi ọ̀bẹ gba owó, ó fi ọ̀bẹ gún un. Gẹ̀ẹ́sì yà wọ́n sọ́tọ̀. "Robbed at knifepoint": wọ́n na ọ̀bẹ sí i, wọ́n gba ẹrù rẹ̀. "Stabbed" tàbí "knifed": ọ̀bẹ ti wọlé sára. "Attacked with a knife" wà láàárín. Wọ́n kọlù ú, àmọ́ bóyá ọ̀bẹ bà á, gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ni yóò sọ. Ẹni tó bá ka "at knifepoint", tó wá lọ sọ fún ẹbí pé wọ́n ti gún ọmọ wọn, ìpayà lásán ló dá sílẹ̀.

"At" nìkan ló ń bá a rìn. Kò sí "with knifepoint", kò sì gba "a" tàbí "the" sáàárín. Àpapọ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́, bíi "gunpoint" tó jẹ́ ti ìbọn.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí: "She handed over her bag at knifepoint." Obìnrin yìí ló gbé báàgì sílẹ̀, àmọ́ ọwọ́ olè ni ọ̀bẹ wà. Nínú "He robbed her at knifepoint", ọkùnrin náà ló mú un dání. Ẹni tó ń fipá múni ni kí ẹ wá nínú gbólóhùn, kì í ṣe ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ àwọn oníròyìn ni "at knifepoint". "Offensive weapon" (ohun ìjà tó lè ṣeni léṣe) ni òfin àpapọ̀ Nàìjíríà lórí ìdigunjalè ń lò, àdá àti kùmọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ìdájọ́ ikú ló wà fún ẹni tó bá gbé irú ohun ìjà bẹ́ẹ̀ jalè, kódà bí kò bá ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Oníròyìn tó mọṣẹ́ máa ń kọ "allegedly" (ẹ̀sùn lásán ni, wọn ò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀) ṣáájú "robbed at knifepoint" nígbà tí ẹjọ́ bá ṣì wà ní kóòtù.