Bí Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ṣe Ń Ti Ọwọ́ Olùhùmọ̀ Dé Ọwọ́ Ẹni Tí Yóò Lò Ó

Ní oṣù Keje ọdún 1941, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì láti Yunifásítì Oxford, Howard Florey àti Norman Heatley, gúnlẹ̀ sí Amẹ́ríkà pẹ̀lú èbu tí wọ́n ń fi ṣe pẹnisílíìnì, oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn, nínú ẹrù wọn. Wọ́n ti rí i dájú pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí wọ́n ń rí ṣe kò tó í tọ́jú ju aláìsàn díẹ̀ lọ, ogun kò sì jẹ́ kí àwọn iléeṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ráyè gbọ́ tiwọn. Florey ń ti iléeṣẹ́ kan bọ́ sí èkejì láti wá ẹni tí yóò bá wọn ṣe é. Heatley dúró sí yàrá ìwádìí ìjọba kan ní ìlú Peoria, ní ìpínlẹ̀ Illinois, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ àwọn tó bá níbẹ̀ bí a ṣe ń tọ́jú èbu náà. Andrew Moyer, tí wọ́n ní kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, dábàá pé kí wọ́n fi omi tí a rẹ àgbàdo sí kún ohun tí èbu náà ń jẹ. Omi yìí pọ̀ lágbègbè náà, nítorí pé ó máa ń ṣẹ́kù sílẹ̀ ní àwọn iléeṣẹ́ tí ń fi àgbàdo ṣe sítáàṣì. Kò pẹ́ tí iye oògùn tí wọ́n ń rí fi di ìlọ́po ìlọ́po.

Ìrìn àjò yẹn kó ohun méjì tí a ń sọ lónìí pọ̀ sójú kan. Èkíní ni àtagbà ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìyẹn ni pé kí ohun tí a ṣàwárí ní yunifásítì tàbí ní ibi ìwádìí ìjọba kúrò níbẹ̀, kí ó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ní ẹ̀rọ, owó àti ọjà láti sọ ọ́ di ohun tí aráyé ń lò. Èkejì ni ohun tí Henry Chesbrough, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, sọ lórúkọ ní ọdún 2003, tí a lè pè ní àtinúdá aláìtìlẹ̀kùn: kí iléeṣẹ́ gbà pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú ló ń gbowó oṣù lọ́wọ́ òun, kí ó máa gba ìmọ̀ wọlé láti ìta, kí ó sì máa jẹ́ kí èyí tí òun kò lò jáde lọ bá ẹni tí yóò lò ó. Aláìtìlẹ̀kùn kò túmọ̀ sí ọ̀fẹ́ o. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ní yunifásítì, ọ́fíìsì tí ń bójú tó àtagbà ìmọ̀ ni ètò náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Olùwádìí tó bá rí ohun tuntun yóò kọ̀wé sí ọ́fíìsì yìí, yóò sọ ohun tó rí, àwọn tí wọ́n jọ ṣe é, ẹni tó fún un lówó iṣẹ́, àti bóyá ó ti sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ló ń da omi sí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Pátẹ́ńtì ni ìwé tí ìjọba fi ń fún olùhùmọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ẹlòmíràn lẹ́kun lílo ìhùmọ̀ rẹ̀, tí ó sì sábà máa ń jẹ́ ogún ọdún láti ọjọ́ tí a ti béèrè fún un. Kò tọ́ sí ohun tí aráyé ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní Yúróòpù, bí olùwádìí bá ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ níbi àpérò lónìí, tí ó wá béèrè fún pátẹ́ńtì lọ́la, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ fún un ní ọdún kan láti ronú. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ọ́fíìsì náà kò ní kí ọ̀jọ̀gbọ́n má tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde. Ohun tó ń bẹ̀ ẹ́ fún kò ju pé kí ìwé ìbéèrè ṣáájú.

Ta ló wá ni ohun tí a fi owó ìjọba ṣàwárí? Ní Amẹ́ríkà, kí ó tó di ọdún 1980, ìjọba ló sábà máa ń ni ín. Nǹkan bí 28,000 pátẹ́ńtì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí àwọn iléeṣẹ́ gbà láti lò nínú wọn kò sì tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Òfin Bayh-Dole tí wọ́n ṣe lọ́dún náà yọ̀ǹda kí yunifásítì ní ohun tí wọ́n bá fi owó ìjọba àpapọ̀ ṣàwárí, bí wọ́n bá ń pín nínú owó tó bá tibẹ̀ wọlé fún olùhùmọ̀, ìjọba fúnra rẹ̀ sì lè lò ó láìsan kọ́bọ̀.

Kí iléeṣẹ́ tó gbà láti mú ìmọ̀ náà, ó máa fẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ náà dé. Òṣùwọ̀n onípele mẹ́sàn-án kan wà tó ti ọ̀dọ̀ NASA, àjọ tí ń rí sí ìrìn àjò òfuurufú ní Amẹ́ríkà, wá: ní ìpele kìíní, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kíyè sí ìlànà tó wà nídìí nǹkan náà ni, ní ìpele kẹsàn-án, ó ti ń ṣiṣẹ́ lójú ayé gan-an. Yunifásítì sábà máa ń dúró ní ìpele kẹta tàbí ìkẹrin, oníṣòwò sì máa ń fẹ́ bá a ní ìpele kẹfà tàbí ìkeje. Àárín méjèèjì ni iṣẹ́ rere ti ń kú, nítorí pé níbẹ̀ owó ìwádìí ti tán, owó oníṣòwò kò sì tíì dé. Ibẹ̀ gan-an ni àjọṣe ti wúlò jù lọ, tí tọ̀tún-tòsì á jọ gbé ìnáwó àti ewu tó wà nínú rẹ̀.

Ohun tó ń gba ìrònú jù lọ ni irú ìyọ̀ǹda tí a óò fún iléeṣẹ́ náà, yálà kí ó dá a lò ni tàbí kí ọ̀pọ̀ jọ máa lò ó. Yunifásítì Stanford ti ṣe méjèèjì. Nígbà tí Stanley Cohen ti Stanford àti Herbert Boyer ti Yunifásítì California ní San Francisco rí ọ̀nà tí a lè gbà so DNA, èròjà tí ń gbé àbùdá, ti ohun abẹ̀mí kan mọ́ ti òmíràn, Stanford kò gbé e fún ẹnì kan ṣoṣo. Ó ta ìyọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá lè san 10,000 dọ́là lọ́dọọdún, pẹ̀lú owó ìlò kékeré lórí ọjà tó bá tà. Iléeṣẹ́ 468 ló gbà á, nǹkan bí 255 mílíọ̀nù dọ́là ló sì wọlé kí ẹ̀tọ́ náà tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọdún 1997. Ìdí tó fi bọ́ sí i ni pé irinṣẹ́ ni ọ̀nà yìí jẹ́, ẹni tó bá gbà á lónìí lè lò ó lọ́la. Ti ọ̀nà ìṣàwárí orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ méjì gbé kalẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá máa sọ ọ́ di ọjà ní láti náwó púpọ̀ kí èrè tó dé, kò sì ní náwó bẹ́ẹ̀ bí alábàádíje rẹ̀ bá lè rí ohun kan náà gbà. Nítorí náà, Google nìkan ni Stanford fún un, ìpín ìdókòwò ló sì gbà dípò owó ọwọ́. Nígbà tó tà á ní ọdún 2005, ó pa 336 mílíọ̀nù dọ́là. Ẹni tó bá ń fúnni ní ìyọ̀ǹda àdálò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé bí iléeṣẹ́ náà bá gbé e sílẹ̀ títí di ọjọ́ báyìí láìfi ṣe nǹkan kan, a óò gbà á padà. Àìkọ ọ́ ló ń jẹ́ kí iléeṣẹ́ lè ra ìmọ̀ kí ó lè tẹ̀ ẹ́ rì.

Ní ti àwọn iléeṣẹ́ fúnra wọn, àwọn kan ń rán ènìyàn lọ wá ìmọ̀ kiri. Procter & Gamble fẹ́ máa tẹ àwòrán sára ìpékeré ànàmọ́ Pringles; dípò kí ó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí láti ìbẹ̀rẹ̀, ó rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe àkàrà òyìnbó ní Bologna, ní Ítálì, tí wọ́n ti mọ bí a ṣe ń tẹ àwòrán tó ṣe é jẹ sára àkàrà, ó sì bá wọn dúnàádúrà. Àwọn mìíràn ń kéde ìṣòro wọn, wọ́n á sì fi ẹ̀bùn owó lé e lórí. InnoCentive, tí iléeṣẹ́ oògùn Eli Lilly dá sílẹ̀ ní ọdún 2001, ni irú ojúde bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan gba 20,000 dọ́là níbẹ̀ nítorí ó rántí pé ẹ̀rọ tí a fi ń gbọn kọnkéré kí ó má bàa dì lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún epo rọ̀bì tó ti dì papọ̀ nínú omi tútù. Kì í ṣe onímọ̀ epo.

Kí ẹnikẹ́ni tó là á yé ẹnì kejì, ó yẹ kí wọ́n pín in sí méjì nínú ìwé: ohun tí kálukú mú wá, àti ohun tí wọ́n bá jọ rí nídìí iṣẹ́. Tèkíní kò ṣòro, olóhun ló ń mú tirẹ̀ lọ. Tèkejì ni ìjà máa ń ti wá, ó sì ti ṣẹlẹ̀ ní Peoria. Bí àkókò ṣe ń lọ ni Moyer ń bo iṣẹ́ mọ́ Heatley lójú; àdéhùn wà pé wọn yóò jọ tẹ èsì jáde, ṣùgbọ́n nígbà tó jáde, orúkọ Heatley kò sí lórí rẹ̀. Ní ọdún 1948, Moyer gba pátẹ́ńtì Amẹ́ríkà lórí ọ̀nà ṣíṣe pẹnisílíìnì. Florey àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Oxford, tí wọ́n gbé èbu náà wá, kò gba pátẹ́ńtì kankan lórí rẹ̀.

Ìwé nìkan kì í sì í gbé ìmọ̀ dé ibi tó ń lọ. Ọ̀pọ̀ nǹkan wà tí òṣìṣẹ́ fi ọwọ́ mọ̀ tí kò sí nínú pátẹ́ńtì: bí ó ṣe yẹ kí àwọ̀ omi rí, ìgbà tó yẹ kí a dẹwọ́, òórùn tí ń sọ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ìdí nìyí tí ìwé àdéhùn tó dára fi máa ń sọ iye ọjọ́ tí olùhùmọ̀ yóò lò lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ àti ẹni tí yóò san owó rẹ̀. Nígbà tí Heatley kúrò ní Peoria ní ìparí ọdún 1941, ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ Merck ní New Jersey ló lọ, ó sì wà níbẹ̀ títí di àárín ọdún 1942. Iléeṣẹ́ Pfizer náà mú ìmọ̀ tirẹ̀ wá, nítorí ó ti ń fi èbu ṣe ásíìdì láti ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Oxford, inú abọ́ amọ̀ tó dà bí póò àwọn aláìsàn ni Heatley ti ń gbin èbu náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, Pfizer ṣí iléeṣẹ́ kan ní Brooklyn tó ní táǹkì mẹ́rìnlá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gba gálọ́ọ̀nù 7,500.